Ìyẹ̀ Òdòdó nínú Afẹ́fẹ́ Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkókómáíkò

Ẹ fi ojú inú wo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Ọ̀jọ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọyẹ́ mú dé ibi pé ètè olúkúlùkù ti fọ́. Olùkọ́ ń kọ ẹ̀kọ́ sí ojú pátákó. Kò tíì kọ ìlà mẹ́ta tán tí ọmọdébìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ó sín títí, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń ṣàn ní imú rẹ̀. Nígbà tí agogo ìsinmi yóò fi lù, àyà rẹ̀ ti ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní ọjà.

"Màmá, ẹ má bínú pé a dà yín láàmú. Ṣé ọmọ yìí kò mu omi tútù lánàá?"

"Tísà, ẹ ṣeun o. N kò fún un ní omi tútù kankan. Ẹfun tí ẹ fi ń kọ̀wé yẹn ni kò bá a lára mu. Bí ó bá wà nílé, kì í ṣe é bẹ́ẹ̀."

Olùkọ́ di ẹ̀bi ru omi tútù, ìyá di í ru ẹfun. Bí ìyá àgbà bá wà ní ìtòsí, òun yóò ní ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí ojú lásán lè rí. Ó ṣeé ṣe kí ẹfun jẹ̀bi lóòótọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ eruku ọyẹ́, tàbí èéfín jẹnẹrétọ̀, tàbí èbu ara ògiri tí omi ń jò sí, tàbí ìgbẹ́ aáyán pàápàá. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá náà tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, nítorí pé ojú kò rí i, kò sì ní òórùn. Ohun náà ni lẹ́búlẹ́bú tí òdòdó koríko àti òdòdó igi ń tú sínú afẹ́fẹ́. Bí ó ti pọ̀ tó ní Ọ̀jọ́, bóyá ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìba, bóyá ó kéré ní Òkókómáíkò, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹnu lásán sọ ọ́. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́, bí wọ́n ti ń wọn òjò.

Kí a tó wọn nǹkan, ó yẹ kí nǹkan náà ní orúkọ. Ènìyàn lè pè é ní lẹ́búlẹ́bú òdòdó, tàbí àtíkè òdòdó, yóò sì yé ẹni tí ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó ṣe wẹ́kú ju méjèèjì lọ, ó sì ti wà lọ́wọ́ àwọn babaláwo láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹ̀ ìrosùn, tí ẹnu ti sọ di ìyẹ̀rosùn, ni lẹ́búlẹ́bú tí kòkòrò jẹ jáde lára igi ìrosùn, tí babaláwo ń dà sí ojú ọpọ́n kí ó tó tẹ odù sí i. Bí lẹ́búlẹ́bú ara igi bá lè jẹ́ ìyẹ̀, kò sí ìdí tí ti òdòdó kò fi ní jẹ́ ìyẹ̀ òdòdó. Orúkọ yìí ni ọ̀rọ̀ òní yóò máa lò.

Ìyẹ̀ òdòdó ni irú akọ tí ó ní láti dé ara abo kí èso tó lè so. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọn orí àgbàdo nígbà tí ó bá tanná yóò rí ìyẹ̀ náà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò dàbí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè. Irun tí ó yọ ní ẹnu ṣùkù àgbàdo ni ó ń gba ìyẹ̀ yìí. Irun kọ̀ọ̀kan fún hóró kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá sì rí ìyẹ̀ gbà, hóró tirẹ̀ kò ní gbó. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo kan fi máa ń wọ́ eyín. Ìdí àgbàdo kan ṣoṣo lè tú ìyẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 25. Kí ni ó tó bẹ́ẹ̀ fún? Nítorí pé atẹ́gùn ni oníṣẹ́ àgbàdo, atẹ́gùn kò sì mọ ilé ẹni tí wọ́n rán an sí. Ó di dandan kí ẹni tí ń rán oníṣẹ́ afọ́jú rán ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Níbí ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún ènìyàn pé ìyẹ̀ òdòdó ń dá ọmọ rẹ̀ láàmú, òdòdó pupa ńlá tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ni yóò kọ́kọ́ gé. Ó gé aláìṣẹ̀. Òdòdó tí ó ní àwọ̀ tí ń dán àti òórùn dídùn, kòkòrò ni ó ń pè, kì í ṣe atẹ́gùn. Ìyẹ̀ rẹ̀ tóbi, ó lẹ̀, ara oyin àti labalábá ni ó ń lẹ̀ mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni atẹ́gùn ń rí gbé. Òdòdó tí ènìyàn kì í bojú wò rárá ni ó ń kún afẹ́fẹ́: ti eèsún, ti èkan, ti koríko etí ọ̀nà, ti tẹ̀tẹ̀, ti ìrókò. Wọn kò ní àwọ̀, wọn kò ní òórùn, nítorí pé atẹ́gùn kò ní ojú, kò sì ní imú tí wọn yóò fi fà á mọ́ra. Ọ̀pẹ wà láàárín méjèèjì. Kòkòrò kéékèèké ni ó ń ṣe iṣẹ́ jù lọ lára rẹ̀, síbẹ̀ akọ òdòdó ọ̀pẹ ń tú ìyẹ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn fi ń rí èyí tí ó pọ̀ gbé lọ. Ti òwú funfun tí ń fò kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ara igi àràbà àti láti ara ewé Akíntọ́lá tún yàtọ̀. Òwú irúgbìn nìyẹn, kì í ṣe ìyẹ̀. Ojú rí i fòò, nítorí náà òun ni ẹ̀bi sábà máa ń ṣẹ́ sí lórí.

Ìyẹ̀ tòótọ́ kéré ju kí ojú rí hóró rẹ̀ kan lọ. Bí wọ́n bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìyẹ̀ ọ̀pọ̀ koríko kò ju nǹkan bí 25 sí 40 nínú ìpín náà lọ. Ti àgbàdo tóbi, ó tó nǹkan bí 80 sí 100, nítorí náà ó wúwo, kì í sì í jìnnà sí oko tí ó ti wá kí ó tó balẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, ọ̀rọ̀ yóò sì padà dé orí rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìyẹ̀ afẹ́fẹ́ kúnnákúnná ni dókítà kan ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Blackley, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1873. Òun fúnra rẹ̀ ni aláìsàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, tí koríko bá tanná, sísín kì í jẹ́ kí ó gbádùn. Àwọn ènìyàn ìgbà náà sọ pé ooru ni, wọ́n sọ pé eruku ni, wọ́n tún sọ pé òórùn koríko gbígbẹ ni. Blackley fi ìyẹ̀ koríko sí imú ara rẹ̀ ní àkókò òtútù tí koríko kankan kò tanná, àìsàn náà sì dé. Lẹ́yìn èyí ni ó mú awẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fi ohun tí ń lẹ̀ pa á, ó gbé e síta fún wákàtí 24, ó sì ka iye ìyẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní maikirosíkóòpù. Ó so irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀ṣín bébà tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ó jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ sókè réré, ó sì rí i pé ìyẹ̀ wà lókè níbẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ó gbé òmíràn sí àárín ìlú Manchester, ó gbé òmíràn sí ẹ̀yìn odi níbi tí pápá koríko wà. Ti àárín ìlú kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀yìn odi, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kan náà ni, ìlú kan náà sì ni. Ohun tí ó rí yìí ni ó kan Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkókómáíkò.

Ọ̀nà gíláàsì yìí ní àléébù kan. Ohun tí ó balẹ̀ nìkan ni ó ń mú, ohun tí ó wúwo ni ó sì ń tètè balẹ̀. Ẹni tí ó bá fi í wọn ìyẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbàdo yóò rò pé àgbàdo ni ó kún afẹ́fẹ́. Kò sì sí bí ènìyàn yóò ti mọ iye afẹ́fẹ́ tí ó kọjá lórí gíláàsì náà kí ìyẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ tó balẹ̀. Ní 1952 ni J. M. Hirst ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀rọ kan tí kì í dúró de ohun tí yóò balẹ̀, fífà ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Lítà 10 ni irú ẹ̀rọ yìí ń fà ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí kò jìnnà sí ohun tí ènìyàn tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí sínú. Nínú ẹ̀yà rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀, ìgbànú kan tí ó lẹ̀ ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, mílímítà 2 ní wákàtí kan, títí ọjọ́ 7 yóò fi pé. Ẹni tí ń kà á lè sọ pé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun báyìí ni ìyẹ̀ pọ̀ jù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan di lítà 14,400 ní ọjọ́ kan. Àpótí afẹ́fẹ́ tí òòró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan kan gba lítà 1,000, òun ni wọ́n ń pè ní mítà kúbíìkì kan. Ẹ̀rọ náà, nígbà náà, ń mí mítà kúbíìkì 14.4 lóòjọ́. Bí wọ́n bá ka ìyẹ̀ 144 lórí ìgbànú ọjọ́ kan, ìyẹ̀ 10 ni ó wà nínú mítà kúbíìkì kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìyẹ̀ koríko bá ti tó 50 nínú mítà kúbíìkì kan, wọn yóò kéde pé ó ti pọ̀. Bí ó bá tó 150, wọn yóò ní ó pọ̀ jọjọ. Iye wọ̀nyí kò ṣeé gbé wá sí Èkó bẹ́ẹ̀. Ara àwọn aláìsàn tiwọn àti koríko tiwọn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà kẹta ni ti ike bọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó ti ọwọ́ Henrik Tauber ará Denmark wá. Wọ́n gbẹ́ ihò sí ọmọrí rẹ̀, wọ́n da gílísírìn àti oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan rà sí inú rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Ohun tí ó bá kó sínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ásíìdì fọ̀ títí ìyẹ̀ nìkan yóò fi kù, nítorí pé èèpo ìyẹ̀ le débi pé ásíìdì tí ń jẹ ohun mìíràn run kò rí i jẹ. Gunnar Erdtman, ará Sweden, ni ó là ọ̀nà ásíìdì yìí sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó gbé ẹ̀rọ tí ń fa eruku ilé wọ inú ọkọ̀ ojú omi ní 1937, tí ó sì fi ń fa afẹ́fẹ́ bí wọ́n ti ń la òkun Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Ó rí ìyẹ̀ mú ní agbami, níbi tí koríko kan kò hù.

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Sówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde ní 1973 lórí bí ìyẹ̀ àwọn igi ilẹ̀ yìí ti rí, èyí tí ẹni tí ń ka gíláàsì kò lè ṣe aláìní. Ní Nsukka, wọ́n wọn ti afẹ́fẹ́ ní oṣù Èrèlé sí Igbe 1990. Ní Èkó fúnra rẹ̀, T. A. Adeniyi, P. A. Adeonipekun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Èkó tẹ ti Ṣómólú jáde ní 2014, wọ́n sì tún tẹ̀lé e pẹ̀lú ti koríko nìkan ní agbègbè márùn-ún ní Èkó. Adeonipekun ti kọ́kọ́ yẹ eruku ọyẹ́ wò ní Ayétòrò-Ìtèlé lẹ́bàá Ọ̀tà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Àwọn onímọ̀ wà, ọ̀nà sì wà. Síbẹ̀ ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ lórí rédíò ń gbọ́ ti òjò, ti oòrùn àti ti ọyẹ́, kò ń gbọ́ ti ìyẹ̀.

Ẹ wo àwọn ìlú mẹ́ta yìí wàyí. Láti Ọ̀jọ́ dé Òkókómáíkò kò ju ìrìn díẹ̀ nínú ọkọ̀ dánfó lọ, Ìba sì wà ní ìtòsí méjèèjì. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìkẹjà yóò pe gbogbo rẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò rí bákan náà.

Ọ̀jọ́ gan-an, ìlú àtijọ́ àwọn Àwórì, jókòó létí odò ọ̀sà tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ní ọ̀sán, nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná ju omi lọ, atẹ́gùn ń ti ìhà òkun fẹ́ wá. Atẹ́gùn tí ó gba orí omi kọjá kì í ru ìyẹ̀ koríko púpọ̀, bí kò ṣe ìyẹ̀ àgbọn, ti ọ̀pẹ àti ti àwọn igi irà tí gbòǹgbò wọn ń dúró nínú omi bí ẹsẹ̀ akàn. Ní òru, atẹ́gùn lè yí padà kí ó máa ti ìhà ilẹ̀ fẹ́ lọ sí òkun. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé kan náà ní Ọ̀jọ́ lè máa mí afẹ́fẹ́ oríṣi méjì láàárín wákàtí 24. Ẹni tí ó bá wọn ti ọ̀sán nìkan ti gba ìdajì ọ̀rọ̀.

Ìba wà ní ìhà àríwá ọ̀nà márosẹ̀. Níbẹ̀ ni ilé àdúgbò tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ láàárín 1979 sí 1983 wà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 kò sì jìnnà sí i. Níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti ṣófo ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, koríko ni ó ń jọba. Ẹnìkan ra ilẹ̀, owó kò tíì tó láti kọ́ ọ. Ó mọ ògiri yí i ká, ó kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà, ó sì lọ. Láàárín òjò kan, eèsún ti ga ju ògiri lọ. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ẹlòmíràn gbin àgbàdo àti tẹ̀tẹ̀ sí etí gọ́tà. Ilé ìwé tí irú ilẹ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ bá yí ká kò lè jọ ilé ìwé tí ó wà láàárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òpópónà kan náà ni wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ koríko agbègbè yìí ń tanná nígbà tí òjò bá ń lọ sópin, láti nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà dé oṣù Ọ̀pẹ, òwúrọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tú ìyẹ̀ wọn, ní wákàtí tí àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé.

Òkókómáíkò jẹ́ ti ọ̀nà. Orí títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ni ó dúró lé, pẹ̀lú ìbùdó ọkọ̀ àti ilé ìtajà. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣètò pé ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù yóò parí sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mile 2 ni apá tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2023 dúró sí. Níbi tí kọnkéré bá ti bo ilẹ̀, koríko kéré, ìyẹ̀ tí ń ti ibẹ̀ jáde yóò sì kéré. Ṣé èyí fi hàn pé afẹ́fẹ́ Òkókómáíkò mọ́ ju ti Ìba lọ fún ọmọ tí ó ní ikọ́ fée? Kò rí bẹ́ẹ̀. Èéfín ọkọ̀ àti eruku títì máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun jí, tí ó fi jẹ́ pé ìyẹ̀ díẹ̀ lè ṣe ohun tí ìyẹ̀ púpọ̀ kì bá ṣe. Nítorí náà, iye ìyẹ̀ nìkan kọ́ ni ó yẹ kí olùwádìí kọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọyẹ́ sì tún wà lórí gbogbo rẹ̀. Láti oṣù Ọ̀pẹ dé Èrèlé, atẹ́gùn ń ti ìhà àríwá ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú eruku, ó sì ń kó ìyẹ̀ mọ́ eruku bọ̀ láti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní Ọ̀jọ́ kò gbìn nǹkan kan sí. Nígbà náà ni ìyàtọ̀ àárín ìlú mẹ́ta yìí lè dínkù, nítorí pé orí gbogbo wọn ni ẹrù àlejò ń dà sí. Ìyàtọ̀ tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò tún hàn nígbà tí ọyẹ́ bá lọ.

Kí ni ó wá kù fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́? Ẹ̀rọ Hirst wọ́n, ó sì ń fẹ́ iná mànàmáná láìdáwọ́dúró, èyí tí olúkúlùkù mọ bí ó ti ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà gíláàsì kò wọ́n. Ní 1946, O. C. Durham ní Amẹ́ríkà là á sílẹ̀ bí wọn yóò ti gbé e kalẹ̀: pẹpẹ roboto méjì, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ínǹṣì 9, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àlàfo ínǹṣì 3 láàárín wọn. Ti òkè ń gba òjò dúró. Gíláàsì jókòó lórí ìtẹ́lẹ̀ kékeré kan tí ó ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ ní ínǹṣì 1. Alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe sítóòfù ní ọjà lè ṣe é. Wọn yóò fi fásẹlíìnì pa gíláàsì náà fẹ́ẹ́rẹ́, wọn yóò gbé e síta ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ọjọ́ kejì. Ìwọ̀n gígùn àti fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà kan ni wọn yóò kà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni gíga. Bí ti Ọ̀jọ́ bá wà lórí òrùlé ilé alájà mẹ́ta, tí ti Ìba wà lórí fèrèsé ìsàlẹ̀, tí ti Òkókómáíkò wà lára òpó iná, ìyàtọ̀ tí wọn yóò rí kì í ṣe ti ìlú, ti gíga ni. Àwọn tí ń wọn ìyẹ̀ fún ìlú odindi máa ń gbé ẹ̀rọ sí orí òrùlé, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkè ti po ti àdúgbò púpọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n imú ọmọdé kò sí lórí òrùlé. Fún ọ̀rọ̀ ilé ìwé, gíga tí ó tó ti ènìyàn ni ó bọ́gbọ́n mu, kí ó jẹ́ ọ̀kan náà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọjọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà. Kí gíláàsì mẹ́ta sì wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí pé bí gíláàsì mẹ́ta tí ó wà lójú kan bá yàtọ̀ sí ara wọn bí ti Ìba ti yàtọ̀ sí ti Ọ̀jọ́, a jẹ́ pé ìlú kò tíì sọ nǹkan kan. Kí gíláàsì kan sì wà tí wọ́n pa ní fásẹlíìnì ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣí síta rárá. Bí ìyẹ̀ bá wà lórí rẹ̀, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti wá.

Kíkà rẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Aró pupa díẹ̀ ni wọ́n ń kán sí i kí ìyẹ̀ lè gba àwọ̀. Ìyẹ̀ koríko rí roboto, ó ní ihò kan ṣoṣo tí òrùka yí ká. Ìyẹ̀ eèsún àti ti èkan kò ṣeé yà sọ́tọ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù lásán, nítorí náà koríko ni wọn yóò kọ, wọn kò ní kọ eèsún. Àgbàdo nìkan ni títóbi rẹ̀ ń tú àṣírí rẹ̀ láàárín àwọn ìbátan rẹ̀. Ti ọ̀pẹ sábà ní ìlà tí ó ya sí ọ̀nà mẹ́ta. Ohun tí yóò pọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ lórí gíláàsì Èkó ni irúgbìn èbu, pẹ̀lú èédú kéékèèké àti eruku sìmẹ́ńtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ èyí yóò kà wọ́n mọ́ ìyẹ̀, yóò sì dẹ́rù ba àwọn òbí lásán.

Ìdí tí ó fi tọ́ láti ṣe wàhálà yìí wà ní ilé ìwòsàn. Dókítà tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ara ọmọ kọ̀ lè kán èròjà ìyẹ̀ sí awọ ara rẹ̀, kí ó gún un díẹ̀, kí ó wò bóyá yóò wú. Òkè òkun ni wọ́n ti ń pèsè ọ̀pọ̀ èròjà bẹ́ẹ̀, láti ara ewéko ti ọ̀hún. Kí ni igi birch ti ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ wí nípa ọmọ Ìba tí kò rí irú igi bẹ́ẹ̀ rí? Bí awọ rẹ̀ kò bá wú, wọn yóò ní kì í ṣe ìyẹ̀, wọn yóò sì padà sórí ẹfun àti omi tútù. Àfi bí ẹnìkan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni ìyẹ̀ tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ Ìba, oṣù báyìí ni ó pọ̀, ni dókítà yóò tó mọ èyí tí yóò béèrè fún.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ sísín nìkan. Ní ọjọ́ 21 oṣù Bélú 2016, ìjì àti àrá jà ní ìlú Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà ní àkókò tí ìyẹ̀ koríko pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bí ìyẹ̀ bá rin, ó lè bẹ́ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà sì kéré tó láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sáré dé ilé ìwòsàn, 10 sì kú. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ṣàìsàn kò ní ikọ́ fée rí. Ní Èkó, àrá máa ń sán púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀, ìparí òjò sì ni koríko ń tanná. Bóyá irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní kékeré ní Ìba, iye ìyẹ̀ ojoojúmọ́ tí wọ́n bá gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Ìwúlò mìíràn tún wà, èyí tí ó jẹ mọ́ ìtàn. Èèpo ìyẹ̀ tí ásíìdì kò rí jẹ, ẹrẹ̀ náà kò rí i jẹ, kódà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìyẹ̀ ọ̀pẹ tí ó pọ̀ sí i lójijì nínú ẹrẹ̀ Niger Delta ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn wà lára ohun tí Sówùnmí fi sọ pé ènìyàn ti ń ṣán igbó nígbà náà. Ní Ahanve, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà tí ó gba Òkókómáíkò kọjá, ìwádìí rẹ̀ tí ó jáde ní 2004 fi hàn pé irà omi iyọ̀ ti gbilẹ̀ níbẹ̀ rí kí koríko àti ewéko ilẹ̀ gbígbẹ tó gba ipò rẹ̀. Ohun tí ń balẹ̀ sínú ọ̀sà Ọ̀jọ́ lónìí ni ẹni tí yóò wá lẹ́yìn yóò kà. Yóò rí ìgbà tí wọ́n da yanrìn sí irà, tí igi irà dínkù, tí koríko pọ̀, tí koríko náà sì dínkù nígbà tí ilé dé.

Ní ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé gíláàsì àkọ́kọ́ síta, kí ẹni kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ rìn yí ibùdó náà ká, kí ó kọ gbogbo ewéko tí ń tanná ní ìwọ̀n 100 mítà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Bí kò bá mọ orúkọ ewéko kan, ìwé nìkan kọ́ ni kí ó wò. Àwọn ìyá alágbo ní ọjà Ìyànà Ìba mọ púpọ̀ nínú wọn, àwọn apẹja àgbà ní etí ọ̀sà Ọ̀jọ́ sì mọ ti irà. Kí ó já ẹ̀ka kan dání lọ bá wọn, kí ó kí wọn bí ó ti tọ́, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ àti oṣù tí ó máa ń tanná, kí ó sì kọ ìdáhùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ iye tí gíláàsì mú.